Táǹkì Ti Kúrò, Epo Ṣì Wà Nílẹ̀

Nígbà tí ilé epo kan bá kógbá sílé, ohun tí ojú ń rí kì í pọ̀. Wọ́n á tú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo, wọ́n á hú táǹkì irin tó wà nílẹ̀ jáde tàbí kí wọ́n fi iyanrìn dí i mọ́bẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ẹlòmíì á fi ra ilẹ̀ náà tí á kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì kò ní mọ̀ pé wọ́n ta epo níbẹ̀ rí. Àwọn tí kànga wọn wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò náà nìkan ló máa mọ̀, torí pé ìgbà kan máa ń wà láàárín ọdún tí omi wọn ń rùn.

Bí a ṣe ń ṣọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ irú ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ka wa sọ. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyí láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́, gbígbé okùn ìwọn-omi àti ìgò kékeré láti kànga dé kànga nínú oòrùn ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá bá wa fún ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà. Wọ́n mọ̀wé dáadáa. Ìlànà Darcy wà lórí wọn. Àmọ́ ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń kọsẹ̀: wọ́n á ka èsì láàbù bí ẹni ń ka máàkì ìdánwò, wọn ò ní wo bí omi ṣe ga tó nínú kànga lọ́jọ́ tí wọ́n bu ú. Iye benzene tí a kò kọ gíga omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan tí a lè gbára lé. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa dúró sí jù.

Ẹ jẹ́ ká ti orí táǹkì bẹ̀rẹ̀. Irin lásán ni ọ̀pọ̀ táǹkì àtijọ́, wọn ò fi nǹkan kan bò wọ́n lára. Inú ilẹ̀ tó tutù ni wọ́n ń gbé, wọ́n á sì máa dípẹtà díẹ̀díẹ̀. Ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ lè máa jò fún ọdún púpọ̀ kí ẹni tó ń ta epo tó fura, torí pé ohun tó ń jò lójúmọ́ kò tó ohun tí ọ̀pá ìwọn-epo lè fi ṣì í. Ibi tí páìpù ti so mọ́ra náà máa ń jò. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde lórí àwọn táǹkì abẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì fún àwọn tó ni wọ́n títí di ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1998 láti tún wọn ṣe, láti pààrọ̀ wọn, tàbí láti tì wọ́n pa. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú wọn ni wọ́n tó rí bí èyí tó ti ń jò ṣe pọ̀ tó. Ibi tí wọ́n ti fìdí jíjò múlẹ̀ níbẹ̀ títí di báyìí ti lé ní ìdajì mílíọ̀nù.

Epo bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ. Lítà rẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bíi kílò 0.75. Bó bá jò, ó máa ń wọ́ lọ sísàlẹ̀ láàárín hóró yẹ̀pẹ̀, hóró kọ̀ọ̀kan á sì di díẹ̀ mú. Ẹ rántí ìgbà tí epo pupa bá dà sórí iyanrìn: kò sí bí ẹ ṣe lè gbá gbogbo rẹ̀ jọ. Èyí tí yẹ̀pẹ̀ kò bá dì mú ló máa dé ojú omi abẹ́ ilẹ̀, á sì léfòó síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn èròjà rẹ̀ kan á ti máa tú sínú omi: benzene, toluene, ethylbenzene àti xylene, àwọn mẹ́rin tí láàbù ń pè ní BTEX. Benzene ló burú jù nínú wọn, torí pé ó máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kò fẹ́ kó ju µg 10 lọ nínú lítà omi mímu kan. Ààlà ti Amẹ́ríkà jẹ́ µg 5.

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ká ní benzene jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo bẹntiróòlù. Nínú lítà kan, a ó rí mílílítà 10. Mílílítà kan wúwo tó gíráàmù 0.88, nítorí náà gíráàmù 8.8 ló wà níbẹ̀, ìyẹn µg 8,800,000. Ẹ fi 10 pín in: lítà 880,000. Lítà epo kan ṣoṣo, bí gbogbo benzene inú rẹ̀ bá tú sínú omi, tó láti gbé lítà omi 880,000 dé ojú ààlà WHO. Táǹkì onírọ́bà lítà 10,000 tí a máa ń gbé sórí òpó, méjìdínláàdọ́rùn-ún rẹ̀ nìyẹn. Imú kò sì lè bá wa ṣọ́ ọ, torí pé benzene á ti kọjá ààlà yẹn jìnnà kí èèyàn tó gbóòórùn rẹ̀ nínú omi.

Ó ti ṣẹlẹ̀ nílé wa níbí. Ní Baruwa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho l'Ékòó, láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn ará àdúgbò ti ń fa bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ omi nínú kànga wọn, torí pé páìpù epo tó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá níbẹ̀ jò. Ní Nsisioken Ogale, ní Eleme, ìpínlẹ̀ Rivers, ìwádìí tí àjọ UNEP gbé jáde lọ́dún 2011 sọ pé benzene inú kànga tí àwọn èèyàn ń mu ju ààlà WHO lọ ní ìlọ́po 900, epo tí wọ́n ti fọ̀ sì léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀ níbì kan tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Páìpù ló fa ti àwọn yẹn, kì í ṣe táǹkì ilé epo, ṣùgbọ́n bí epo ṣe ń ṣe nígbà tó bá ti dé ojú omi kò yàtọ̀.

Ó yá, ká gbẹ́ kànga. Kànga àyẹ̀wò kì í ṣe kànga ìdílé. Páìpù rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ní àwọn ojú kéékèèké tí wọ́n fi ayùn là, tí omi ń gbà wọlé. Ibi tí a bá fi àwọn ojú yẹn sí ṣe pàtàkì púpọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lókè ibi tí omi ń ga dé nígbà òjò, kí wọ́n sì parí nísàlẹ̀ ibi tó ń lọ sílẹ̀ dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí gbogbo wọn bá rì sábẹ́ omi, epo tó ń léfòó kò ní ríbi wọlé, kànga yẹn á sì máa sọ fún yín lọ́dọọdún pé kò sí epo. Mo ti bá irú rẹ̀ pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó gbẹ́ ẹ wá nígbà òjò, ó rí omi kíákíá, ó fi ojú páìpù sísàlẹ̀ kó lè rí omi fà, ó gba owó rẹ̀ ó lọ.

Kànga mẹ́ta ló kéré jù, wọn ò sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ẹ wọn orí páìpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìpìlẹ̀ kan náà, kí ẹ tó wọn bí omi ṣe jìn sí orí páìpù. Ká ní gíga omi nínú kànga A jẹ́ mítà 98.60, ti B jẹ́ 98.60, ti C sì jẹ́ 98.20, C sì jìnnà sí ìlà A àti B ní mítà 40. Omi ń ṣàn láti ìlà AB lọ sí C nìyẹn, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 0.4 tí a fi 40 pín, ìyẹn 0.01. Bí omi bá lè gba inú ilẹ̀ náà kọjá ní mítà 0.5 lójúmọ́ (èyí ni K tí ẹ mọ̀), tí àlàfo inú ilẹ̀ sì jẹ́ 0.2, ìyára omi á jẹ́ 0.5 × 0.01 ÷ 0.2, ìyẹn mítà 0.025 lójúmọ́, nǹkan bíi mítà 9 lọ́dún. Benzene kì í yára tó omi fúnra rẹ̀, torí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ wá rí i pé kànga tó wà ní mítà 30 sí táǹkì lè mọ́ dáadáa fún ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wàhálà tó dé bá a, nígbà tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé pé ilé epo kan wà níbẹ̀ rí.

Bí epo bá léfòó nínú kànga kan, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìṣirò yìí. Epo máa ń tẹ omi abẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 40 epo wà nínú kànga A. Ojú omi tí ẹ̀rọ ìwọn máa fún yín lábẹ́ epo náà á jẹ́ 98.30. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ìnípọn epo lọ́nà 0.75 kún un, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 30, kó tó padà sí 98.60. Ẹni tí kò bá fi kún un á ya àwòrán tí omi ti ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ A, á sì ránṣẹ́ sí àwọn tí kò sóhun tó kàn wọ́n pé kí wọ́n má mu omi wọn mọ́. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ gan-an á máa mu ún lọ.

Ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, àpáta líle ló wà nísàlẹ̀, yẹ̀pẹ̀ tó jẹrà láti ara àpáta náà ló sì bò ó. Inú yẹ̀pẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ kànga àfọwọ́gbẹ́ ti ń rí omi. Omi ibẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù ní nǹkan bí oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, á sì ga jù ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ìyàtọ̀ méjèèjì sì lè tó mítà mélòó kan. Epo tó ń léfòó máa ń bá omi lọ sókè sódò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á lọ sílẹ̀, epo á tẹ̀ lé e, á máa fi ara rẹ̀ pa hóró yẹ̀pẹ̀ bó ṣe ń lọ, èyí tó bá lè ṣàn á sì ya sínú kànga àyẹ̀wò. Ìgbà yẹn ni epo máa ń nípọn jù nínú kànga. Nígbà tí òjò bá dé, omi á gun òkè padà, á sì ká epo mọ́ àárín hóró yẹ̀pẹ̀ ní kíkán-kíkán. Epo yẹn ò lè ṣàn mọ́, kò lè wọ kànga mọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ omi ló wà báyìí, ó ń tú benzene sínú rẹ̀ tọ̀sántòru.

Ìyá àgbà kan ń gbé lẹ́yìn ibi tí ilé epo kan wà tẹ́lẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, epo máa ń hàn lójú omi kànga rẹ̀ bí àwọ̀ òṣùmàrè. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún kan, ó pè mí bí mo ṣe ń kó irinṣẹ́ mi kọjá.

"Ọmọ mi, wá wò ó. Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wa. Epo ti lọ."

"Ẹ kú ìdúpẹ́, mà. Ṣé ẹ ti ń bu ú mu ni?"

"Rárá o, aṣọ la ṣì fi ń fọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ máa fi se oúnjẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì ṣe é. Omi ló bo epo mọ́lẹ̀, kò lọ ibì kankan. Ẹ jẹ́ ká rí oṣù Kẹta ná."

Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ ba àdúrà rẹ̀ jẹ́, mi ò sì dá a lẹ́bi. Omi náà mọ́ gaara lóòótọ́. Ìgò tí mo bu níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lọ sí láàbù, èsì rẹ̀ sì fi hàn pé benzene ṣì ju ààlà lọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn padà dé, òṣùmàrè náà padà sójú omi. A ti bá a fa ẹ̀rọ omi láti ibòmíràn nígbà yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fi páànù dé kànga.

Bí ìyá àgbà bá sọ pé epo ti lọ, ó yéni. Bí ọ̀mọ̀wé bá kọ ọ́ sínú ìwé tó fọwọ́ sí, ọ̀ràn ni. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ kì í sábà rán èèyàn wá bu omi lóṣù Kẹta. Oṣù Kẹsàn-án ló máa ń yá a lára. Yálà ó mọ ohun tó ń ṣe tàbí kò mọ̀, ẹni tó máa fọwọ́ sí èsì ló yẹ kó mọ̀.

Ẹ wo bí ìṣirò tó péye ṣe lè ṣì wá lọ́nà. Ká ní kànga kan fún wa ní èsì mẹ́rin láàárín ọdún kan: oṣù Kẹta, µg 900, oṣù Kẹfà, 600, oṣù Kẹsàn-án, 250, oṣù Kejìlá, 200. Ìdánwò Mann-Kendall, tí ẹ máa kọ́ ní ọdún kẹrin bí ẹ kò bá tíì kọ́ ọ, máa ń fi èsì kọ̀ọ̀kan wé gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e. Ìfiwéra mẹ́fà ló wà nínú èsì mẹ́rin, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì lọ sílẹ̀ níbí, nítorí náà S jẹ́ −6. Ọ̀nà 24 ni a lè gbà to nọ́ńbà mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì ń sọ̀ kalẹ̀ láìyẹsẹ̀. 1 tí a fi 24 pín jẹ́ 0.042, ó kéré sí 0.05, ìdánwò náà á sì kéde pé omi ń mọ́. Ẹ wá kọ jíjìn omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: mítà 6.5 lóṣù Kẹta, 4.8 lóṣù Kẹfà, 2.0 lóṣù Kẹsàn-án, 2.6 lóṣù Kejìlá. Ẹ rí i báyìí? Òjò ló rọ̀. Omi tuntun wọlẹ̀, ó bu omi lu benzene, iye rẹ̀ sì wálẹ̀. A ò tíì mọ nǹkan kan nípa epo tó wà níbẹ̀.

Ohun tó yẹ ká ṣe ni pé ká fi oṣù Kẹta wé oṣù Kẹta, kí Kẹsàn-án wé Kẹsàn-án. Ìdánwò kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, Seasonal Kendall ni wọ́n ń pè é. Kò rò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Sùúrù ló ń béèrè, torí pé a nílò èsì ọdún mélòó kan kó tó lè sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní àwọn kànga kan, benzene máa ń lọ sókè nígbà òjò ni, torí pé omi tó gun òkè ti kan yẹ̀pẹ̀ tí epo ti pa lára. Nítorí náà, ẹ má ṣe há a sórí pé ẹ̀ẹ̀rùn ló burú jù níbi gbogbo. Kànga kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí bíbu omi, torí pé ìwé ìlànà pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọn omi nínú gbogbo kànga lọ́jọ́ kan náà kí ẹ tó bu èyíkéyìí. Ẹ ti orí kànga tó mọ́ jù bẹ̀rẹ̀, kí ẹ parí sí èyí tó dọ̀tí jù. Omi tó ti dúró nínú páìpù kì í ṣe omi inú ilẹ̀. Páìpù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 máa ń gba nǹkan bíi lítà 2 ní mítà kan, nítorí náà, bí mítà 4 omi bá wà nínú rẹ̀, ẹ fa lítà 24 jáde, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ tó bu ti láàbù. Ìgò onígíláàsì mílílítà 40 ni ti BTEX. Ẹ kún un débi pé, tí ẹ bá dé e tí ẹ sì dojú rẹ̀ dé, kò ní sí hóró afẹ́fẹ́ kan níbẹ̀, torí inú hóró yẹn ni benzene máa sá sí. Ẹ gbé e sórí yìnyín. Bí a bá ti fi ásíìdì sí i, ọjọ́ 14 ni láàbù ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti rí ìgò tó lo ọ̀sẹ̀ kan nínú bùútù ọkọ̀ láìsí yìnyín, tí èsì rẹ̀ sì jáde pé omi mọ́ tónítóní.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó ń bá wa ṣọ́ omi yàtọ̀ sí benzene. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ máa ń jẹ epo. Wọ́n á kọ́kọ́ lo ọ́síjìn inú omi tán, wọ́n á bọ́ sórí nitrate, lẹ́yìn náà wọ́n á máa lo irin tó wà lára yẹ̀pẹ̀, kí wọ́n tó kan sulfate, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni gáàsì methane. Nítorí náà, bí kànga tó wà lókè bá ní ọ́síjìn àti nitrate, tí èyí tó wà lẹ́bàá ibi táǹkì kò ní méjèèjì, tí irin sì pọ̀ nínú omi rẹ̀, a mọ̀ pé àwọn kòkòrò wà lẹ́nu iṣẹ́. Láìlọ sí láàbù pàápàá, ẹ lè rí àmì rẹ̀: omi tó mọ́ nígbà tí ẹ bu ú, tó wá pọ́n bí omi amọ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Irin inú rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ́síjìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n tètè ń jẹ. Ní Santa Monica, ní California, MTBE, èròjà kan tí wọ́n máa ń fi sínú bẹntiróòlù, ló dé inú kànga ìlú. Ó máa ń tú sínú omi ju benzene lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀, àwọn kòkòrò kì í sì í tètè rí i jẹ. Ọdún 1996 ni ìlú náà ti àwọn kànga wọ̀nyẹn pa, nǹkan bí ìdajì omi tí ìlú ń lò sì lọ báyẹn. Ẹ béèrè irú epo tí wọ́n tà níbẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n tà á, kí ẹ tó sọ fún láàbù ohun tí ẹ fẹ́ kí ó wá.

Àwọn kan nínú yín ti kọ̀wé sí mi pé àwọn fẹ́ fi irú iṣẹ́ yìí ṣe ìwádìí àṣekágbá. Ó dára, ṣùgbọ́n sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan kò gba ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kìíní, tí ẹ sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù Kẹjọ, ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ máa gbọ́. Mo dábàá pé kí ẹ̀ka wa yan ibì kan ṣoṣo, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gba ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ṣáájú rẹ̀: ọjọ́, nọ́ńbà kànga, jíjìn omi, ìnípọn epo bó bá wà, òjò tó rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, àti èsì láàbù, gbogbo rẹ̀ lórí ìlà kan náà. Tèmi wà lọ́wọ́ mi láti ọdún tí mo jáde. Ẹni tó bá fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lè wá gbà á kí oṣù Kẹta tó dé.